Irin Onígun Mẹ́rin

Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá mi àgbà fi fá irin kan ṣoṣo
nínú ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta,
irin tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ.
Ọ̀gá wọn, òyìnbó kan tí etí rẹ̀ pọ́n bí ata,
kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Á gbé ìwọ̀n-igun lé e, á nà án síhà fèrèsé,
á fi ojú kan wò ó.
Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀,
ì báà tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn,
á jù ú sílẹ̀: "Padà."
Wọn kò sọ ìdí fún wọn.
Wọ́n ní kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, orí ń bọ̀ lẹ́yìn.
Orí pẹ́ kó tó dé.
Ó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú aago ọrùn-ọwọ́ kan,
ṣùgbọ́n bí rélùwéè bá ń wọ Ìddó bọ̀ lálẹ́,
á dá òkèlè dúró lẹ́nu, á ní:
"Ẹsẹ̀ kẹta, apá ọ̀tún. Ara rẹ̀ kò yá."

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Sájẹ́ǹtì Adégòróyè,
fèrè ni wọ́n fi kọ́ tirẹ̀.
Lẹ́bàá ọ̀sà, lẹ́yìn bárékè, lóru,
ọkùnrin mẹ́fà sí páńẹ́lì kan,
mẹ́fà, kì í ṣe márùn-ún,
ìwé ológun ti ka eegun ẹ̀yìn wọn sílẹ̀.
Fèrè: ẹ gbé e.
Fèrè: ẹ tì í.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, afárá ti wà.
Kí oòrùn tó gorí òrùlé, wọ́n ti tú u,
wọ́n ti kó o sínú lọ́rì,
omi ti padà sí bó ṣe wà.
"Afárá mélòó lẹ kọ́?"
"Á lé ní igba."
"Èwo ló ṣì dúró níbẹ̀?"
Ó da omi sí gààrí rẹ̀, ó ń rò ó.
"Wọn ò kọ́ wa ní dídúró."

Èmi ńkọ́? Akọka.
Ọ̀ọ́dúnrún wa, ẹ̀rọ léèdì kan,
àgádágodo ńlá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀;
ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ ti kú.
Mo lè sọ ìwọ̀n ẹrù tí igi yóò gbà kó tó tẹ̀,
dé nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn ààmì.
N kò tíì fọwọ́ ara mi gbé igi rí.

Lọ́dún tí òjò ya pákó àwọn ará Ìwáyà lójú gọ́tà ńlá,
mo ya afárá fún wọn, ojú ìwé méje.
Sájẹ́ǹtì yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn:
"Ènìyàn mélòó ni yóò gbé e débẹ̀?"
Àṣé mo ti gbàgbé ènìyàn.
Bàbá àgbà ní tirẹ̀ kò wo ìwé rárá.
Ó fi àtàńpàkò tọ ojú ibi tí wẹ́dà jó.
"Padà," ó ní. Wẹ́dà bú wa, ó sì padà.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin. Fèrè, gààrí, ìṣírò, èébú.
Káńsù wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ lára pé kí a wó o.
Ọ̀dà náà ti ṣí.
Àwọn ọmọ iléèwé ń sáré kọjá lórí rẹ̀,
ó ń mì díẹ̀, bí mo ṣe ṣírò pé yóò mì.

Irin kékeré yẹn ti wà lọ́wọ́ mi báyìí,
òun ló ń di ìwé mi mọ́lẹ̀ nígbà tí fáànù bá ń fẹ́.
Lánàá wọ́n mú iná lọ.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé ìwọ̀n-igun lé irin náà,
mo fi ojú kan wò ó.

Ìmọ́lẹ̀ yọ.
Ní igun kan péré, tín-ín-rín.

Bàbá ń hanrun nínú yàrá kejì.
N kò sọ fún un.